Iṣẹ́ agbára ni mò ń ṣe látàárọ̀ dalẹ́, eré ìdárayá wo ni dókítà tún ń wí?

Gbogbo ẹni tó bá ti bá dókítà sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà ló ti gbọ́ ọ rí: ẹ máa ṣe eré ìdárayá. Tí ẹni tí wọ́n sọ ọ́ fún bá wá jẹ́ lébìrà, alábàárù, káfíńtà, tàbí màmá tó ń gún iyán tà, ìdáhùn kan náà ló máa ń jáde lẹ́nu wọn, "Dókítà, kí ni mò ń ṣe látàárọ̀?" Wọn ò kúkú jẹ̀bi. Ẹni tó ti ru sìmẹ́ńtì gun àjà kẹta ilé kí aago mẹ́wàá tó lù, tí wọ́n tún wá ní kó lọ máa rìn kiri ní ìrọ̀lẹ́ kí ara ẹ̀ lè le, á rò pé ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní iṣẹ́ ni.

Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí rú èèyàn lójú ni pé àwọn olùwádìí fúnra wọn ti sọ ohun méjì tó jọ pé wọ́n ń bára wọn jà. Ìwádìí tó kọ́kọ́ jẹ́ kí ayé mọ̀ pé kéèyàn máa lo ara ẹ̀ ń dáàbò bo ọkàn, ẹnu iṣẹ́ ni wọ́n ti ṣe é, kì í ṣe orí pápá. Àmọ́ lẹ́nu ọdún mélòó kan sẹ́yìn, òmíràn tún ń jáde pé àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ agbára jù ń kú ṣáájú àwọn tó jókòó sí ọ́fíìsì. Èwo ni ká wá gbà báyìí? Ìdáhùn ẹ̀ wà, kò kàn ṣeé sọ ní ìlà kan lórí WhatsApp ni, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ní sùúrù fún mi díẹ̀.

London la ti máa bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì. Nígbà yẹn àrùn ọkàn ń pa àwọn ọkùnrin tí wọn ò tíì dàgbà, ẹni ọdún 45, ẹni ọdún 50, wọ́n á kàn di àyà mú, wọ́n á ṣubú, ó parí, kò sì sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé ohun báyìí ló ń fà á. Dókítà kan tó ń jẹ́ Jerry Morris àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ wá ń rò ó pé ó ṣeé ṣe kí iṣẹ́ tí kálukú ń ṣe lọ́wọ́ nínú ẹ̀. Ibi tí wọ́n wá lọ wò ó, èmi gbà pé ibẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n wọn wà: inú bọ́ọ̀sì.

Bọ́ọ̀sì London ayé ìgbà yẹn, alájà méjì ni, èèyàn méjì ló sì ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀. Dírẹ́bà wà níwájú nínú àyè kékeré tiẹ̀, nǹkan bí ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún àkókò iṣẹ́ ẹ̀ ló fi ń jókòó. Kọ̀ndọ́kítọ̀ ní tiẹ̀ ló ń gbowó, òun ló ń já tíkẹ́ẹ̀tì, kò sì sí bó ṣe máa gbowó lọ́wọ́ àwọn tó wà lókè láìjẹ́ pé ó gòkè lọ bá wọn, kó sọ̀ kalẹ̀, kó tún gòkè ní bọ́sítọ́ọ̀pù tó kàn. Wọ́n kà á, láàárín àtẹ̀gùn 500 sí 750 ló ń gùn lóòjọ́. Ẹ wá wò ó o, ilé iṣẹ́ kan náà ló gba àwọn méjèèjì, yunifọ́ọ̀mù ilé iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń wọ̀, títì kan náà ni wọ́n ń tọ̀, irú èèyàn kan náà ni wọ́n, owó tó ń wọlé fún wọn ò sì fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra. Olórí ìyàtọ̀ wọn ni pé ọ̀kan jókòó, èkejì ò ráyè jókòó.

Nǹkan bí 31,000 ọkùnrin òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ni wọ́n wò, àwọn tó wà láàárín ọdún 35 sí 64, ọdún 1949 sí 1950 ni wọ́n sì kó iye àwọn tó ṣàìsàn jọ. Nígbà tó di 1953 wọ́n gbé èsì ẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn àwọn dókítà tí wọ́n ń pè ní The Lancet. Àrùn ọkàn ò mú kọ̀ndọ́kítọ̀ tó bó ṣe mú dírẹ́bà, ó máa ń pẹ́ kó tó mú wọn, tó bá sì mú wọn náà, kì í tètè pa wọ́n bíi tàwọn dírẹ́bà.

Tó bá jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì tòní ni, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ máa parí sí, "ìwádìí ti fi hàn," gbogbo ayé á sì ti fọ́wọ́ọ̀dù ẹ̀. Àmọ́ ẹ béèrè ohun tó yẹ kéèyàn béèrè: ṣé jíjókòó yẹn ni lóòótọ́? Ṣebí dírẹ́bà ló ń bá gósílóò fà á, òun ló ń wojú títì, òun ni ọkàn ẹ̀ ń já nígbà tí ọmọdé bá sáré kọjá níwájú ọkọ̀. Ó lè jẹ́ wàhálà yẹn ló ń bá a fínra, kó má jẹ́ ti ìjókòó rárá. Morris àti àwọn ènìyàn ẹ̀ ò ṣàìmọ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi wo ilé iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ náà mọ́ ọn, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti wa bọ́ọ̀sì: àwọn tó ń fi ẹsẹ̀ àti kẹ̀kẹ́ pín lẹ́tà, wọ́n fi wọ́n wé àwọn tó ń jókòó ti tẹlifóònù àti àwọn akọ̀wé. Bákan náà ló rí. Àwọn tó ń rìn sàn ju àwọn tó jókòó.

Ìbéèrè kejì tún wá le ju ìyẹn lọ. Ta ló ń di dírẹ́bà, ta ló ń di kọ̀ndọ́kítọ̀? Bóyá ẹni tó ti sanra látilẹ̀ ló ń fẹ́ iṣẹ́ ìjókòó, kó jẹ́ pé ara tó gbé wọ iṣẹ́ ló ń pa á, kì í ṣe iṣẹ́. Báwo lẹ ṣe máa mọ bí ikùn ẹnì kan ṣe tóbi tó ní ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn? Ibi tí wọ́n ti rí i nìyí, ó ń pa mí lẹ́rìn-ín títí dòní: yunifọ́ọ̀mù. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ yẹn ló ń rán aṣọ fún wọn, ìwé sì wà nílẹ̀ tí wọ́n kọ ìwọ̀n ìbàdí ṣòkòtò kálukú sí. Wọ́n bá tú ìwé ṣòkòtò palẹ̀. Wọ́n rí i pé lóòótọ́ ni ìbàdí dírẹ́bà tóbi ju ti kọ̀ndọ́kítọ̀, kódà àwọn tó ṣì kéré lọ́jọ́ orí. Àpilẹ̀kọ yẹn jáde ní 1956, àwọn fúnra wọn ni wọ́n sì gbé e jáde, ohun tó lè ba ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti sọ tẹ́lẹ̀ jẹ́ o. Àmọ́ nígbà tí wọ́n tún yẹ̀ ẹ́ wò síwájú sí i, tí wọ́n fi tín-ínrín wé tín-ínrín, tí wọ́n fi ẹni tó sanra wé ẹni tó sanra, ikú òjijì ṣì kéré lọ́dọ̀ àwọn kọ̀ndọ́kítọ̀. Ṣòkòtò ṣàlàyé díẹ̀ nínú ẹ̀, kò ṣàlàyé gbogbo ẹ̀.

Mo fi ibí yìí gùn díẹ̀ torí pé nígbà tí wọ́n bá ní ìwádìí sọ pé iṣẹ́ báyìí ń fa àìsàn báyìí, ohun tó yẹ kéèyàn kọ́kọ́ béèrè ni pé wọ́n fi àwọn ènìyàn yẹn wé ta ni? Tí wọ́n bá fi alábàárù wé ọ̀gá báńkì, ẹrù orí nìkan kọ́ lẹ fi ń wéra, ẹ ń fi oúnjẹ wéra, ẹ ń fi ilé wéra, ọsibítù tí kálukú lè sanwó ẹ̀ ńkọ́?

Morris ò dúró síbẹ̀. Ó rí i pé iṣẹ́ ìjókòó ló ń pọ̀ sí i lóde, ó bá lọ bá àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ilẹ̀ Bìrìtìkó tó jẹ́ pé gbogbo wọn ló jókòó, nǹkan bí 17,000 ọkùnrin, láti 1968 sí 1970. Láàárọ̀ Monday wọ́n á kọ gbogbo ohun tí wọ́n ṣe ní Friday àti Saturday sílẹ̀, bóyá wọ́n wẹ odò, bóyá wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ ọgbà, bóyá wọ́n kàn na ẹsẹ̀ wo tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tó di 1973 wọ́n sọ pé àwọn tó ń ṣe nǹkan tó le dáadáa lẹ́yìn iṣẹ́ ni ọkàn wọn sàn jù. Ọ̀gbẹ́ni yìí alára wá ń sáré nínú pápá Hampstead Heath nígbà tí àwọn aládùúgbò ẹ̀ ń wò ó bíi ẹni tí orí ẹ̀ ò pé, ọdún 2009 ló kú, ẹni ọdún 99. Mi ò sọ pé eré yẹn ló gbé e débẹ̀ o, ẹnì kan ṣoṣo kì í ṣe ìwádìí.

Ó dáa, títí dé ibí yìí ọ̀rọ̀ lébìrà ń já gaara: iṣẹ́ tó ń mú ara ṣiṣẹ́ dáa fún ọkàn, àwa là ń ṣe é, ẹ fi wá lọ́rùn sílẹ̀. Ibi tí wàhálà ti wá dé ni Denmark.

Ní Copenhagen, wọ́n béèrè lọ́wọ́ àwọn èèyàn 104,046, ọkùnrin àtobìnrin, bí ara wọn ṣe ń ṣiṣẹ́ tó lẹ́nu iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́, wọ́n sì tún béèrè ti ẹ̀yìn iṣẹ́ lọ́tọ̀, wọ́n wá tẹ̀ lé wọn fún nǹkan bí ọdún 10. Èsì ẹ̀ jáde ní 2021. Ti ẹ̀yìn iṣẹ́ rí bí gbogbo wa ṣe rò, ewu àwọn tó ń ṣe é kéré sí ti àwọn tí kì í ṣe nǹkan kan. Ti ẹnu iṣẹ́ ló dorí kodò: àwọn tí iṣẹ́ wọn gba agbára jù lọ, ewu kí àrùn ọkàn kọlù wọ́n tàbí kí rọpárọsẹ̀ mú wọn fi ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti àwọn tó jókòó síṣẹ́, ewu ikú fi ìdá 27 jù. Kì í sì í ṣe àwọn nìkan, ní 2018 àwọn olùwádìí kan ti kó ọ̀pọ̀ ìwádìí pọ̀ tí wọ́n sì rí i pé láàárín àwọn ọkùnrin, iṣẹ́ agbára ń bá ewu ikú àìtọ́jọ́ rìn, ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún ló fi lé.

Kí n tó tẹ̀síwájú, ẹ jẹ́ ká ṣí ìdá 35 yẹn wò torí ibẹ̀ ni àwọn oníròyìn ti máa ń dẹ́rù bani. Ẹlòmíì gbọ́ ọ, ó rò pé nínú lébìrà 100, 35 ló ń lọ kú. Rárá o. Ká fi ṣe àpẹẹrẹ lásán, ká ní nínú 100 ọkùnrin tó jókòó síṣẹ́, àrùn ọkàn máa mú 6 láàárín ọdún 10. Tí ẹ bá fi ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún lé 6, ẹ ò ní rí 41, 8 lẹ máa rí, á lé díẹ̀. Ìyẹn ni pé nínú 100 tó ń ṣe iṣẹ́ agbára, èèyàn 8 dípò 6, àwọn 92 ò ní nǹkan kan. Èèyàn méjì lé yẹn ò ṣeé fojú kéré, pàápàá tó bá jẹ́ pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn òṣìṣẹ́ lẹ ń kà, àmọ́ ó yàtọ̀ sí pé iṣẹ́ yìí máa pa yín. Nígbàkigbà tí wọ́n bá ti pe "ìdá báyìí nínú ọgọ́rùn-ún fi lé," ẹ béèrè pé ó lé lórí èló.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó dùn jù. Ọdún 2021 yẹn náà, Norway tó jẹ́ ará ilé Denmark gbé tiwọn jáde, lórí àwọn ọkùnrin tí wọ́n ti ń wò láti 1974, òdìkejì pátápátá ló sì rí: àwọn tí iṣẹ́ wọn ń gba agbára pẹ́ láyé díẹ̀ ju àwọn tó jókòó lọ. Orílẹ̀-èdè méjì tó sún mọ́ra, ọdún kan náà, ọ̀rọ̀ méjì.

Kí ló fà á? Apá kan nínú ẹ̀ ni ìṣirò. Ẹni tó ń gbé ẹrù sábà máa ń mu sìgá ju akọ̀wé lọ, kì í fi bẹ́ẹ̀ kàwé púpọ̀, owó ẹ̀ kéré. Àwọn olùwádìí ní láti yọ gbogbo ìyẹn kúrò kí wọ́n tó mọ ohun tí iṣẹ́ fúnra ẹ̀ ń ṣe, ìyẹn ni pé kí wọ́n fi amusìgá wé amusìgá, kí wọ́n fi ẹni tó ka ìwé mẹ́wàá wé ẹni tó ka ìwé mẹ́wàá. Àwọn ará Norway ní nígbà táwọn yọ ọ́ tán, ewu yẹn pòórá. Àwọn ará Denmark ní àwọn náà yọ ọ́, ewu ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n ṣì ń fà á mọ́ra wọn lọ́wọ́.

Apá kejì, èyí tí èmi rò pé ó ṣe pàtàkì jù, ni pé nínú fọ́ọ̀mù ìbéèrè, "iṣẹ́ agbára" lè jẹ́ àpótí kan ṣoṣo tí wọ́n ní kéèyàn fi máàkì sí. Ẹni tó ń fi kẹ̀kẹ́ pín lẹ́tà lè máàkì ẹ̀, ẹni tó ń ru bíríkì lè máàkì ẹ̀, nọ́ọ̀sì tó ń yí aláìsàn padà lórí bẹ́ẹ̀dì náà lè máàkì ẹ̀. Ohun tí wọ́n ń fi ara wọn ṣe ò jọra rárá, wọ́n wá kó gbogbo wọn sínú ìdì kan.

Ó tún ku ọ̀kan tó máa ń tan èèyàn jẹ gan-an. Ẹ lọ sí Mile 12 tàbí Bódìjà láàárọ̀, ẹ wo àwọn alábàárù. Ara wọn le, apá wọn yọ iṣan, ẹ máa sọ pé iṣẹ́ yìí mà ń fúnni ní ìlera. Ẹ ò ní rí èyí tí ẹ̀yìn ń dùn níbẹ̀, ó ti padà sílé. Èyí tí wọ́n sọ fún pé BP ẹ̀ ti lọ sókè ti lọ ń ta káàdì tẹlifóònù lábẹ́ agboòrùn. Àwọn tó lágbára ló ṣẹ́kù sẹ́nu iṣẹ́, àwọn lẹ sì ń kà. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ William Ogle ti rí èyí láti 1885: ẹni tí ò bá lágbára mọ́ á fi iṣẹ́ tó le sílẹ̀, á lọ gba iṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́, tó bá wá kú, iṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ni wọ́n máa kọ ikú ẹ̀ sí lọ́rùn. Iṣẹ́ tó le á mọ́, iṣẹ́ tó rọrùn á dọ̀tí. Fún ìdí èyí, nígbà tí ìwádìí bá ṣì rí ewu lára iṣẹ́ agbára pẹ̀lú gbogbo àbòsí yìí, ó yẹ ká fetí sí i.

Kí wá ló lè mú kí gígun àtẹ̀gùn kọ̀ndọ́kítọ̀ dáa fún ọkàn kí ríru ẹrù má dáa fún un? Àwọn olùwádìí Denmark yìí ti ṣàlàyé ẹ̀, ó sì bá ohun tí ojú wa ń rí mu.

Tẹ́ ẹ bá sáré tàbí tẹ́ ẹ rìn kíákíá fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ọkàn yín á lù kìkì, ẹ̀jẹ̀ á ṣàn, lẹ́yìn náà ẹ jókòó, ẹ mu omi, ọkàn á rọlẹ̀, á sì máa lù díẹ̀díẹ̀ títí di ọjọ́ kejì. Inú ìsinmi yẹn ni ara ti ń tún ara ẹ̀ ṣe. Ẹni tó ń gbé ẹrù fún wákàtí mẹ́wàá, ọkàn ẹ̀ ò lù kìkì tó èyí tó máa mú un le, kò sì rọlẹ̀ tó èyí tó máa jẹ́ kó sinmi, agbedeméjì ló wà látàárọ̀ dalẹ́, lọ́la á tún bẹ̀rẹ̀ kí ara tó bọ̀ sípò. Yàtọ̀ síyẹn, ẹ wo ara yín nígbà tẹ́ ẹ bá gbé nǹkan tó wúwo: ẹ máa sé èémí, ẹ fún ikùn pọ̀, iṣan ọrùn á yọ. Lásìkò yẹn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ń fò sókè gan-an. Ẹ̀ẹ̀kan kì í ṣe nǹkan. Àmọ́ kó máa fò bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìgbà, lójoojúmọ́, fún ogún ọdún, lára ẹni tí ò tiẹ̀ mọ̀ pé òun ní ẹ̀jẹ̀ ríru tẹ́lẹ̀, ìyẹn lọ̀rọ̀ wà.

Ó tún wá ku ti àṣẹ. Ẹni tó ń sáré lórí pápá, tó bá rẹ̀ ẹ́ á dúró. Ta ni lébìrà fẹ́ sọ fún pé ó rẹ òun? Wọ́n ń po kankéré lọ́wọ́, ẹ̀rọ ń yí, fọ́ọ̀mánù ń pariwo, tó bá dúró owó òòjọ́ ẹ̀ ti lọ nìyẹn. Ìṣísẹ̀ ara ẹ̀ kì í ṣe tiẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àṣẹ yìí kì í ṣe àwáwí o. Wọ́n ti wò ó lára àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní Whitehall, London. Èyí àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1967, nǹkan bí 18,000 ọkùnrin, iṣẹ́ ọ́fíìsì sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ṣe. Síbẹ̀ àwọn tó wà nípò ìsàlẹ̀ pátápátá ń kú ikú àrùn ọkàn ju ìlọ́po mẹ́ta àwọn ọ̀gá àgbà. Ẹ máa sọ pé sìgá ni. Wọ́n yọ sìgá, wọ́n yọ ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n yọ ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, gbogbo ẹ̀ pọ̀ ò ṣàlàyé tó ìdajì. Nígbà tí wọ́n ṣe èkejì láti 1985 ni wọ́n rí i pé bí èèyàn ò bá láṣẹ kankan lórí bó ṣe ń ṣe iṣẹ́ ẹ̀, ó lọ́wọ́ nínú ewu yẹn. Àwa tí a mọ ohun tí Level 4 àti Level 16 túmọ̀ sí ní sẹkitéríà, ṣé ó tún yẹ kí wọ́n ṣàlàyé ìyẹn fún wa? Gẹ̀ẹ́sì kan náà ló dá ètò yẹn sílẹ̀ fún wa.

Ìdí nìyí tí inú mi kì í dùn tí wọ́n bá ti ń pe gbogbo nǹkan ní "ọ̀rọ̀ ìgbé ayé," bíi pé àwọn èèyàn kàn ya ọ̀lẹ ni. Ẹ mú dánfó. Ẹlòmíì á sọ pé ṣebí dírẹ́bà àti kọ̀ndọ́kítọ̀ Èkó náà rèé, kọ̀ndọ́ á sàn ju dírẹ́bà. Ẹ má tètè gbà. Kọ̀ndọ́kítọ̀ dánfó ò gun àtẹ̀gùn, ẹnu ọ̀nà ló rọ̀ mọ́, èéfín gbogbo ọkọ̀ ń wọ imú ẹ̀, ó ń pariwo Ọ̀ṣòdì láti ìdájí, ó ń bá èèyàn jà lórí ṣéńjì, paraga ló fi ń gbé ara ró, oúnjẹ tó bá rí ló ń jẹ. Dírẹ́bà ẹ̀ jókòó láti aago márùn-ún ìdájí nítorí owó tó gbọ́dọ̀ fi jíṣẹ́ fún ẹni tó lọkọ̀. Ní 2021 àjọ ìlera àgbáyé, WHO, àti àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ lágbàáyé, ILO, jọ gbé ìṣirò jáde pé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí 55 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀, ewu rọpárọsẹ̀ tiẹ̀ fi ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti ẹni tó ń ṣe wákàtí 35 sí 40, ewu kí àrùn ọkàn pa á fi ìdá 17 jù. Wọ́n ní èèyàn 745,000 ló kú sí i ní 2016 nìkan káàkiri ayé. Dírẹ́bà dánfó tó ń ṣe wákàtí 14 lóòjọ́, kó tó di alẹ́ Thursday ó ti kọjá 55. Kí lẹ fẹ́ kó ṣe, kó wá lọ jọ́gìn?

Àwọn ọmọ wa tó wà ní London náà ńkọ́, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń wa bọ́ọ̀sì títì yẹn lónìí? Kọ̀ndọ́kítọ̀ ò sí mọ́ nínú ẹ̀, láti ìparí 2005 ni àwọn bọ́ọ̀sì àtijọ́ tó ń gbé kọ̀ndọ́kítọ̀ ti kúrò lójú ọ̀nà wọn gbogbogbòò. Dírẹ́bà nìkan ló kù, ìjókòó Morris yẹn gan-an ló sì jókòó sí.

Ó dáa, kí wá ni kí lébìrà sọ fún dókítà? WHO nínú ìmọ̀ràn tí wọ́n gbé jáde ní 2020 sọ pé kí àgbàlagbà máa lo ara ẹ̀ fún ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀, irú èyí tó ń mú kí èèyàn máa mí yára díẹ̀, tàbí ìṣẹ́jú 75 sí 150 tó bá jẹ́ èyí tó le, wọ́n sì ka ti ẹnu iṣẹ́ mọ́ ọn. Torí náà kì í ṣe irọ́ pé iṣẹ́ yín wà nínú ìṣirò. Tó bá jẹ́ iṣẹ́ ìrìn ni, bíi ká máa ti kẹ̀kẹ́ ọmọlanke tàbí ká máa kiri ọjà, ọkàn yín ń jẹ nínú ẹ̀ dáadáa. Tó bá jẹ́ iṣẹ́ ká gbé, ká sọ, ká dúró sójú kan tàbí ká bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, iṣan ló ń lò, kò ṣe tó fún ọkàn, ó sì lè ni ín lára. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, ìsinmi ló kọ́kọ́ nílò ṣáájú eré sísá: kó jókòó díẹ̀ láàárín ẹrù kan sí òmíràn, kó sùn dáadáa, kó má fi oògùn ara ríro àti paraga tẹ ìrora mọ́lẹ̀ kó lè padà sẹ́nu iṣẹ́. Ìrìn wẹ́rẹ́ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́jọ́ tí iṣẹ́ ò sí, láìgbé nǹkan kan, kì í ṣe àsọtúnsọ ohun tó ṣe láàárín ọ̀sẹ̀, nǹkan mìíràn ló ń ṣe fún ọkàn.

Kó sì lọ yẹ BP ẹ̀ wò, ẹ jọ̀ọ́, kì í pẹ́ rárá. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í kanlẹ̀kùn. Tó bá ti ń wà ní 140 lórí 90 sókè ní ọ̀pọ̀ ìgbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n, kó bá dókítà sọ irú iṣẹ́ tó ń ṣe gan-an, kó sọ iye tí ẹrù náà wúwo, torí "mo ń ṣiṣẹ́" ò sọ nǹkan kan fún dókítà. Tí àyà bá sì ń fún un nígbà tó bá gbé nǹkan, tó ń dẹ̀ ẹ́ tó bá sọ ọ́ kalẹ̀, ọsibítù ni kó lọ lọ́jọ́ yẹn, kì í ṣe ilé alágbo.

Àmọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ yìí ò sí lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé ẹrù. Ní Denmark, àwọn tó sọ pé iṣẹ́ agbára ń pani lára yìí ti wá ń gbìyànjú láti yí iṣẹ́ gan-an padà: níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ọmọdé, wọ́n bá àwọn olùtọ́jú ṣètò eré tí wọ́n ń bá àwọn ọmọ ṣe lọ́nà tó jẹ́ pé àgbà náà á sáré níbẹ̀ tí ọkàn ẹ̀ á sì lù, láìfi kún wákàtí iṣẹ́. Ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń ṣèwádìí ààbò ẹnu iṣẹ́, NIOSH, gbé ìṣirò kan kalẹ̀ fún gbígbé ẹrù, ibi tó ga jù tó dé ni 23 kg, ìyẹn náà nígbà tí gbogbo nǹkan bá dára, tí ẹrù sún mọ́ra, tí èèyàn ò yí ìbàdí, tí kì í ṣe lemọ́lemọ́. Àpò sìmẹ́ńtì tiwa, 50 kg ni. Ní ilẹ̀ Bìrìtìkó náà 50 kg ni wọ́n ń gbé tẹ́lẹ̀, wọ́n gé e sí méjì, 25 kg ni àpò wọn báyìí, sìmẹ́ńtì yẹn náà ni, ilé ni wọ́n ṣì ń fi kọ́.